Gíàbọ́ọ̀sì Orí Tábìlì Màmá Àgbà

Bí ẹ bá wọ ilé Màmá Àgbà mi ní Openshaw, ní Manchester, tí ẹ ò bá ṣọ́ra, orí gíàbọ́ọ̀sì lẹ máa gbé kọ́ọ̀pù tíì yín lé. Gíàbọ́ọ̀sì mọ́tò gidi ni mò ń sọ o! Wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò kí inú rẹ̀ lè hàn, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó wá jókòó sórí tábìlì oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ṣúgà. Àlejò á kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló gbàgbé ẹrù síbẹ̀. Màmá á ní kó jókòó, kó fọwọ́ yí i wò. Èmi fúnra mi, ọjọ́ tí mo dé láti Ìbàdàn, tí òtútù Manchester ṣì ń gbọ̀n mí jìnnìjìnnì, tíì gbígbóná àti gíàbọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e."

Màmá Àgbà ló bí ìyá mi. N ò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí n ò mọ gbogbo rẹ̀, Màmá náà ò sì fẹ́ràn kéèyàn máa tú ẹrù àná. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nínú ẹbí ni pé ọkọ wọn ní lọ́rì gẹdú tó ń ná Oǹdó sí Ìbàdàn, àti pé Màmá máa ń jókòó tì í níwájú lọ́rì náà. Lọ́jọ́ kan, ibà dá Bàbá dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà. Màmá bọ́ sí ìdí sítíárì, wọ́n wa lọ́rì náà, wọ́n gbé gẹdú àti ọkọ wọn délé láyọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Bí èèyàn bá béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n á ní, "Mo ti ń gbọ́ gíà yẹn tipẹ́. Mo kàn fọwọ́ sí ohun tí etí mi ti mọ̀ ni."

Nígbà tí wọ́n wá dé Manchester, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gé eyín gíà ní Openshaw níbí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Ibẹ̀ ni gíàbọ́ọ̀sì orí tábìlì ti bá wọn wálé. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá dé sí mọ́ṣáláṣí wa láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Ìlọrin, tí kò bá mọ mọ́tò onígíà wà, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Ìyá Onígíà ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, mo bojú wẹ̀yìn lójú ọ̀nà itẹ́ òkú, mo rí àwọn mọ́tò tó tò tẹ̀lé wa. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kéà, ìyẹn ìtọ́jú arúgbó, wà níbẹ̀, kò sì sí mọ́tò kan tó kú lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n èmi kò wá kọ́ mọ́tò fún fàájì ní tèmi o. Iṣẹ́ kéà ni mo gbà wá. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé lórí òkè níhà Ramsbottom ni mo máa máa lọ wò, kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóògùn, kí n po tíì fún wọn. Mánúwà, ìyẹn onígíà, ni gbogbo mọ́tò ilé iṣẹ́ náà, n ò sì wa mọ́tò rí láyé mi. Wọ́n ní kí n ṣì máa tẹ̀lé ẹlòmíì kiri ná, ṣùgbọ́n bí ìgbà òtútù bá fi parí tí n ò ní láísẹ́ńsì mánúwà lọ́wọ́, wọn á dá mi dúró. Iṣẹ́ yẹn ló gbé físà ìgbélùú mi dání. Bí iṣẹ́ bá lọ, físà lọ nìyẹn, èmi náà á kẹ́rù padà sí Ìbàdàn, á wá ku Màmá nìkan nínú ilé yẹn pẹ̀lú gíàbọ́ọ̀sì wọn. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọn ò sọ ọ́ sẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n sinmi.

Orí kílọ́ọ̀ṣì la ti bẹ̀rẹ̀. Màmá gbé àwo ìjẹun méjì wá. Wọ́n di ọ̀kan mú, wọ́n ń fọwọ́ yí i bìrí bìrí.

"Ẹ́ńjìnnì nìyí," ni wọ́n wí. "Kì í sinmi. Bó o bá ti lè ṣí kọ́kọ́rọ́, ó ń yí nìyẹn." Wọ́n gbé èkejì lé mi lọ́wọ́. "Táyà nìyí. Ó dúró jẹ́ẹ́ ní tiẹ̀. Báwo ni èyí tó ń yí ṣe máa gbé èyí tó dúró?"

Èmi onígbóná, mo gbé àwo tèmi, mo pa á mọ́ tiwọn gbàgà. Àwo fọ́ yángá.

"Mọ́tò ti kú nìyẹn," ni Màmá wí, ojú wọn ò tilẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n lọ mú òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn àwo náà fara kanra wẹ́rẹ́. Tiwọn ń yí, tèmi ń ha mọ́ ọn lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ díẹ̀díẹ̀, títí àwọn méjèèjì fi ń yí papọ̀ bí ẹyọ kan. Mo ṣáà ń wò ó ni. "Bó o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, o là wọ́n. Bó o bá ń gbẹ́sẹ̀ bọ̀, ò ń bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ha yẹn gan-an ni ìwakọ̀ wà, Àbẹ̀kẹ́. Má sáré kọjá ibẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn la wá kọjú sí gíàbọ́ọ̀sì. Ọ̀pá méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sùn ti ara wọn, àwọn gíà eléyín sì wà lórí wọn ní méjì méjì. Màmá ní kí n fi ìka yí ọ̀pá tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì bọ̀. Níbi gíà kìíní, kékeré ló ń yí ńlá. Mo yí, mo yí, kí ọ̀pá tó ń lọ sọ́dọ̀ táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Kò yára rárá, ṣùgbọ́n Màmá fi gbogbo ọwọ́ di ọ̀pá kejì mú, wọ́n ní kí n máa yí i lọ. Ìka mi kan ṣoṣo yí ọ̀pá náà mọ́ wọn lọ́wọ́! Agbára tí mọ́tò fi ń gbéra nìyẹn, òun ló fi ń gun òkè. Bí nọ́ńbà gíà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ń dín tí eré ń pọ̀. Fún ti ẹ̀yìn, wọ́n fi gíà kékeré kan há àárín méjì, ìyẹn ló ń mú kí táyà yí padà sẹ́yìn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gbogbo eyín wọ̀nyẹn ti wọnú ara wọn tipẹ́. Èmi ti rò pé bí èèyàn bá fa ọ̀pá gíà, ṣe ló ń gbé gíà kan kúrò tó ń gbé òmíràn síbẹ̀. Irọ́ ni. Gbogbo wọn ló jọ ń yí, ṣùgbọ́n òfìfo ni wọ́n ń yí lórí ọ̀pá, àfi èyí tí òrùka kan bá sún lọ dè mọ́ ọn. Òrùka yẹn ni ọwọ́ awakọ̀ ń sún. Òrùka idẹ kékeré kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń kọ́kọ́ fara kan gíà, kí eré àwọn méjèèjì lè dọ́gba kí wọ́n tó so pọ̀.

"Ẹni tó bá pẹ́ dé ìrun," Màmá bi mí, "ṣé ó máa ń já wọ ìlà kó máa kírun tiẹ̀ lọ ni?"

"Rárá, ma. Á wo ibi tí lèmọ́mù dé."

"Á wo ibi tí lèmọ́mù dé, á wá bá wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ òrùka idẹ yìí nìyẹn."

Nínú mọ́tò Màmá fúnra wọn, idẹ ti gíà kejì ti jẹ tán. Mọ́tò pupa kékeré kan ni, ó ti gbó, ṣùgbọ́n Màmá ò jẹ́ tà á. Bí èèyàn bá sáré láti gíà kìíní bọ́ sí kejì, á ké kàrààà, gbogbo àdúgbò á bojú wò wá. Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ dá ọ̀pá gíà dúró ní fírì, láàárín níbi tí kò ti sí gíà kankan, kó ṣe Bísímílláhì délẹ̀, kó tó wọ gíà kejì. Ìwọ̀n ìgbà tí ẹnu fi ń pe Bísímílláhì parí gan-an ni eyín wọ̀nyẹn nílò láti rọlẹ̀. Ẹ wá wo mọ́tò tó ń fipá mú èèyàn rántí Ọlọ́hun! Gbogbo ẹni tí Màmá kọ́ ló ní àṣà yẹn, wọn ì báà gun mọ́tò tuntun. Bọ̀ọ̀dá kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa tó ń ṣe Bísímílláhì sí gíà kejì nínú mọ́tò tó ra ní ọdún yìí.

Gíà kejì yẹn ló fẹ́ pa mí. Ara mi kì í balẹ̀. Mo máa ń gé e kúrú, mọ́tò á ké, Màmá á ní, "O ò ṣe Bísímílláhì."

"Mo ṣe é, Màmá!"

"O ò ṣe é tán."

Òótọ́ sì ni! Nínú ọkàn mi lásán ni mo ti ń ṣe é, ètè mi ò mì, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tí mo gé e dé. Ọwọ́ òsì mi wà lórí gíà, àtẹ́lẹwọ́ wọn wà lórí tèmi. Wọ́n á ní kí n bọ́ bàtà, àwọn náà á bọ́ tiwọn, ẹsẹ̀ wọn á wà nílẹ̀ mọ́tò ní òfo. Mo rò pé àṣà àwọn àgbà ni. Bí mo bá fẹ́ fi ìbínú ti gíà wọlé, wọ́n á rọra di ọwọ́ mi mú. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí, "ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko."

Wọ́n tún ní òfin kan. Wọn ò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì gba láísẹ́ńsì fọwọ́ kan gíà karùn-ún. Àní ká wà lójú ọ̀nà tó gbòòrò, kí ẹ́ńjìnnì máa ké gbà mí gbà mí ní gíà kẹrin, Màmá á fi ọwọ́ wọn tẹ tèmi mọ́lẹ̀ ni. "Ti gíà karùn-ún di ọjọ́ tó o bá yege."

Bọ̀ọ̀dá Gàní, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ashton-under-Lyne, kò rí gbogbo rẹ̀ sọ́rọ̀ gidi. Ọtọmátíìkì ni wọ́n ń wà, ti ọtọmátíìkì nìkan sì ni láísẹ́ńsì wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n bá wa nídìí gíàbọ́ọ̀sì.

"Màámi, ayé ti dayé ọtọmátíìkì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi."

"Gàní, ilé iṣẹ́ tó gbà á, ṣé ọtọmátíìkì ni mọ́tò wọn?"

"Rárá, ma."

"Ó dáa. Ìwọ ni tìẹ, ṣé ò ń wa mọ́tò ni, àbí mọ́tò ló ń gbé ẹ kiri?"

Bọ̀ọ̀dá Gàní bínú jáde. Wọ́n ń pè lórí fóònù, Màmá ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Lórí fóònù, Màmá nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ tiwọn tán, wọ́n á ní ó dàárọ̀, wọ́n á pa á. Gbogbo wa kà á sí agídí. Nígbà tó yá, Bọ̀ọ̀dá Gàní gbé ẹja àti tàtàṣé wá láti ọjà Ashton láti fi tu Màmá lójú. Màmá gba ẹja, wọ́n wò ó lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní, "Ẹja yìí náà, ọtọmátíìkì ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bọ̀ọ̀dá Gàní.

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé láé ni ọjọ́ òkè Ramsbottom. Ọ̀sán ni, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Mo ti gbéra lórí òkè náà láìjẹ́ kí mọ́tò yọ̀ padà sẹ́yìn, orí mi ń wú. A páàkì lókè láti sinmi. Nígbà tí mo tún fẹ́ gbéra, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi rì dé ilẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ò padà wá mọ́. Wáyà tó ń fà á ti já. Àyà mi já pẹ̀lú rẹ̀, torí iṣẹ́ mi máa bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilé iṣẹ́ sì ti kìlọ̀ fún mi lórí pípẹ́ dé. Mo ní ká pe àwọn tó ń wọ́ mọ́tò. Màmá wo ojú mi, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n yí wá sí ìdí sítíárì.

"Sún síbẹ̀."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n fi mọ́tò tó ti kú sí gíà kìíní, wọ́n wá ṣí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò fò gìjà, ó jí, ó sì gbéra. Nígbà tó ń sáré díẹ̀, Màmá dẹ ẹsẹ̀ lórí iná tó ń fún mọ́tò léré, ọ̀pá gíà yọ́ bọ́ sí fírì. Mo rí ètè wọn: Bísímílláhì. Gíà kejì wọlé láìké, láìjà, láìsí kílọ́ọ̀ṣì! Ẹ gbà mí! Mo ya ẹnu, n ò lè pa á dé. Wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ òrùka idẹ fúnra wọn. Wọ́n ń dúró dìgbà tí eré ẹ́ńjìnnì àti eré táyà bá bára mu, gíà á kàn wọlé ni. Bí a bá kan iná pupa, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi gíà kìíní dúró dè é, tí iná bá yí padà wọ́n á ṣí kọ́kọ́rọ́, a tún fò gìjà. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ń fọn fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Màmá ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe wa mọ́tò aláìní kílọ́ọ̀ṣì láti òkè Ramsbottom dé ẹnu ọ̀nà wa ní Openshaw, n ò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Màmá, etí yín mà lágbára o! Báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ọ?" Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí mi. Wọn ò dáhùn. Mo tún un sọ, mo pariwo. Àfi bí alárámù mọ́tò aládùúgbò wa ṣe bú gbàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an, èmi fò sẹ́yìn, Màmá ò mira. Mo fọwọ́ kan wọn léjìká, wọ́n yíjú, wọ́n rí ojú mi, wọ́n sì mọ̀ pé mo ti mọ̀.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

Ẹnu mi ni wọ́n ń wò. "Ó ti pẹ́," ni wọ́n wí. "Ariwo ilé iṣẹ́ gíà yẹn ló jẹ etí mi. Ohun tí etí jù sílẹ̀, ọwọ́ ti gbé e."

Mo dúró nínú òjò. Bàtà tí à ń bọ́, àtẹ́lẹwọ́ wọn lórí ọwọ́ mi, fóònù tí wọn kì í gbọ́ tẹnìkan lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Ara mọ́tò ni wọ́n fi ń gbọ́ mọ́tò. Ara ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń gbọ́ Bísímílláhì mi. Mo ti rí àwọn onímọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ti rí àwọn alágbára, n ò tíì rí irú èèyàn yìí rí.

Bọ̀ọ̀dá Gàní ní kí mẹkáníìkì bá wa fi wáyà tuntun sí mọ́tò náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màmá, a gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọn ò sì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ìdánwò ìwakọ̀ mi bọ́ sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìgbà òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí mo bá pàdánù ọjọ́ yẹn, kò sí òmíràn kí ilé iṣẹ́ tó dá mi dúró. Síbẹ̀ mo ní n ò lọ. Mo dúró níbi tí Màmá á ti rí ẹnu mi, mo ní, "Màmá, n ò lè fi yín sílẹ̀."

"Bó o bá jókòó tì mí," ni wọ́n wí, "ṣé ìwọ lo máa bá mi mí ni? Lọ wa mọ́tò."

Bàbá Ìlọrin kan tí Màmá ti kọ́ ní mọ́tò tipẹ́ ló jókòó tì mí nínú mọ́tò pupa náà dé ibi ìdánwò. Òyìnbó tó ń dán mi wò jókòó, ó fajú ro. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ wọ gíà kejì, mo máa ń dá a dúró ní fírì, mo ń fẹnu ṣe Bísímílláhì délẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní rárá, gíà ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gíà ò ké lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a padà dé, ó ní mo yege. N ò mọ bí mo ṣe dì mọ́ Bàbá Ìlọrin yẹn.

Ọsibítù ni mo gbà lọ tààrà. Bọ̀ọ̀dá Gàní ló jókòó tì wọ́n. Ojú Màmá ti pa dé, kò lágbára láti là mọ́, mo sì mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè fẹnu sọ ọ́ fún wọn. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo fi lé ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi, bó ṣe máa ń wà nínú mọ́tò. Mo ti ọwọ́ wa méjèèjì síwájú, gíà kìíní. Mo fà á sẹ́yìn, gíà kejì. Kẹta. Kẹrin. Mo dúró díẹ̀, mo wá tì í sí ọ̀tún, mo tì í síwájú, gíà karùn-ún.

Ìka wọn dì mọ́ tèmi pinpin. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó dẹ̀. Ètè wọn wá mì, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Gàní tẹ orí ba láti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wí.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "o ò ṣe Bísímílláhì tán ní gíà kejì."

Ẹkún àti ẹ̀rín gbá mi mú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dá ọwọ́ wa padà sí fírì, mo pe Bísímílláhì délẹ̀, mo wá wọ gíà kejì. Màmá rọra mi orí pé ó ti dáa. N ò gbọ́ ohùn wọn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.